Bí A Ṣe Ń Fi Sátẹ́láìtì Ṣọ́ Omi Abẹ́ Ilẹ̀: Ohun Tí Mo Ń Ṣe ní Àfonífojì San Joaquin

Bàbá mi gbẹ́ kànga ní Ìsẹ́yìn fún ohun tó lé ní ogún ọdún. Okùn kan wà lọ́wọ́ wọn tí wọn kì í fi fa omi. Wọ́n ta kókó sí i lára, ìgbọ̀nwọ́ kan láàárín kókó kan sí èkejì. Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá ti mú dáadáa, wọ́n á so òkúta mọ́ orí okùn náà, wọ́n á lọ láti ilé dé ilé tí wọ́n ti gbẹ́ kànga, wọ́n á sọ ọ́ sísàlẹ̀, wọ́n á ka kókó tí omi kò kàn, wọ́n á sì fi èédú kọ iye rẹ̀ sára ògiri kànga. Bí onílé bá bi wọ́n pé, "Bàbá, ṣé omi yìí ṣì pọ̀?" èsì kan náà ni wọ́n máa ń fọ̀: "Mi ò mọ bó ṣe pọ̀ tó. Ohun tí mo mọ̀ ni pé ó fi kókó méjì lọ sísàlẹ̀ ju ti èṣí lọ."

Ìlú Visalia ní ìpínlẹ̀ California ni mò ń gbé báyìí, iṣẹ́ okùn yẹn náà sì ni mò ń ṣe, àfi pé òkè ojú ọ̀run ni okùn tèmi ti ń bọ̀. Mo kọ ìwé yìí fún ẹni tó bá fẹ́ fi sátẹ́láìtì ṣọ́ omi abẹ́ ilẹ̀ níbi tí òjò kì í pọ̀, pàápàá ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ní kọ̀ǹpútà àti íntánẹ́ẹ̀tì, ṣùgbọ́n tí ẹ kò mọ ibi tí ẹ ó ti bẹ̀rẹ̀. Púpọ̀ nínú dátà tí ẹ ó lò, ọ̀fẹ́ ni.

Àfonífojì San Joaquin, níbi tí Visalia wà, ni màá fi ṣe àpẹẹrẹ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, torí ibẹ̀ ni mo mọ̀. Òjò tó ń rọ̀ ní Fresno lọ́dún kò tó mílímítà 300. Òjò oṣù méjì péré ní Ìbàdàn lè ju ìyẹn lọ. Síbẹ̀, ilẹ̀ yìí kún fún álímọ́ńdì, písítáṣíò, èso àjàrà àti ọsàn. Nǹkan bí ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún álímọ́ńdì tí gbogbo ayé ń jẹ, California ló ti ń wá. Omi yìnyín tó ń yọ́ láti orí òkè Sierra Nevada ni wọ́n ń fi bomi rin oko. Lọ́dún tí ọ̀dá bá dá, tí yìnyín kò tó, pọ́ǹpù ni wọ́n ń tàn láti fa omi abẹ́ ilẹ̀.

Ní 2015, nígbà tí ọ̀dá ńlá kan ṣì wà lórí wa, mo wọ ilé ìyá kan nítòsí Porterville. Kànga wọn jìn tó ẹsẹ̀ bàtà 90. Ó ṣí ẹnu ẹ̀rọ omi nílé ìdáná kí n lè rí i fúnra mi. Afẹ́fẹ́ ló kọ́kọ́ jáde, ó ń hu bí ikọ́. Yanrìn tẹ̀ lé e, ó tó nǹkan bí ìkúnwọ́ kan, ó sì dá gbáú. Ìyá náà wò mí, ó ní, "Ta ló gbé omi mi lọ?" Àwòrán sátẹ́láìtì kan wà nínú kọ̀ǹpútà tí mo gbé lọ́wọ́, gbogbo California pọ́n wẹ̀ẹ̀ lórí rẹ̀, àmì pé omi dín kù. Mo ṣí i, mo wò ó, mo tún pa á dé. Kò sí ohun tí àwòrán yẹn lè sọ fún ìyá náà nípa kànga rẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni mo ti mọ̀ pé ohun tí iṣẹ́ yìí gbà kì í ṣe àwòrán kan ṣoṣo. Ohun mẹ́ta ni, ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ibi tí ojú rẹ̀ tó, àti teepu irin kan lórí wọn.

Kò sí sátẹ́láìtì kankan tó ń rí omi abẹ́ ilẹ̀, ẹ jẹ́ kí ìyẹn yé wa kí a tó tan kọ̀ǹpútà. Ipa tí omi náà ń fi sílẹ̀ ni wọ́n ń rí: ìwúwo ilẹ̀ tó dín kù, ilẹ̀ tó rì, àti ewéko tó tutù yọ̀yọ̀ níbi tí òjò kò ti rọ̀.

Ìbejì tó ń wọn ìwúwo ilẹ̀

NASA ti Amẹ́ríkà àti DLR ti Jámánì, àwọn ilé iṣẹ́ tó ń rán nǹkan sí ojú ọ̀run, ló jọ fi àwọn sátẹ́láìtì GRACE ránṣẹ́ sí ojú ọ̀run ní ọjọ́ 17 oṣù Kẹta ọdún 2002. Ìbejì ni. Táyé ń sáré níwájú, Kẹ́hìndé ń tẹ̀ lé e ní nǹkan bíi kìlómítà 220 lẹ́yìn, wọ́n sì jọ ń yí ayé po. Ohun tí wọ́n wà fún ni láti máa wọn àlàfo tó wà láàárín ara wọn. Bí Táyé bá ń sún mọ́ ibi tó wúwo, òòfà ibẹ̀ á fà á síwájú díẹ̀, àlàfo á fẹ̀. Bí Kẹ́hìndé náà bá dé ibẹ̀, òòfà á fa òun náà, á sáré bá èkejì rẹ̀. Ẹ̀rọ wọn ń mọ̀ ọ́n bí àlàfo yẹn bá fi ohun tó tín-ín-rín ju irun orí lọ yí padà. Omi sì wúwo: kúbíìkì mítà kan jẹ́ tọ́ọ̀nù kan. Bí àgbègbè kan bá pàdánù omi púpọ̀ láàárín ọdún kan sí òmíràn, ibẹ̀ á fúyẹ́, ìbejì á sì mọ̀.

GRACE àkọ́kọ́ ṣíwọ́ iṣẹ́ ní 2017. Àwọn tó rọ́pò rẹ̀, GRACE-FO, gbéra láti Vandenberg ní California níbí ní ọjọ́ 22 oṣù Karùn-ún ọdún 2018.

Ẹ ṣí akáǹtì ní Google Earth Engine, ibi tí Google kó dátà sátẹ́láìtì jọ sí lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ọ̀fẹ́ ni fún ẹni tí kò fi ṣòwò. Ẹ wá GRACE nínú àkójọ dátà wọn, ẹ mú èyí tí wọ́n pè ní mascon, ìyẹn èyí tí wọ́n pín ayé sí ègé-ègé, tí wọ́n sì ṣírò ìwúwo ègé kọ̀ọ̀kan. Ohun tí ẹ fẹ́ níbẹ̀ ni lwe_thickness. Sẹ̀ǹtímítà ni wọ́n fi kọ ọ́: bí ẹ bá da gbogbo omi tó lọ tàbí tó dé sórí ilẹ̀ náà bí ìgbà tí a da omi sórí àtẹ, báwo ni yóò ṣe ga tó? Nọ́ńbà yẹn kì í ṣe iye omi tó wà. Ìyàtọ̀ sí ìpíndọ́gba ọdún 2004 sí 2009 ni. Bí ẹ bá rí −15, ohun tí ó túmọ̀ sí ni pé omi ibẹ̀ ní oṣù náà fi sẹ̀ǹtímítà 15 dín sí bó ṣe máa ń wà láàárín ọdún wọ̀nyẹn. Bàbá mi ìbá ti mọ nọ́ńbà yìí lójú ẹsẹ̀.

Lẹ́yìn náà, ẹ fa ààlà. Ibí ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣubú. Ẹ má fa ààlà yí oko kan ká, ẹ má fà á yí ìjọba ìbílẹ̀ kan ká pàápàá. Ojú ìbejì kò mú ohun kékeré. Agbègbè tó tó kìlómítà 150,000 níbùú lóròó ni mo gbà pé ó tó láti gbẹ́kẹ̀ lé. Nígbà tí Jay Famiglietti, onímọ̀ nípa omi, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe iṣẹ́ tiwọn lórí California, tí wọ́n gbé e jáde ní 2011, gbogbo agbègbè tí omi rẹ̀ ń ṣàn wọ odò Sacramento àti San Joaquin ni wọ́n kó pọ̀, ó tó kìlómítà 154,000 níbùú lóròó. Ohun tí wọ́n rí ni pé láàárín oṣù Kẹwàá 2003 sí oṣù Kẹta 2010, omi abẹ́ ilẹ̀ àfonífojì náà dín ní nǹkan bíi kìlómítà 20.3 níbùú, lóròó àti níjìn. Nínú àkójọ ààlà omi ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ẹ lè mú àgbègbè 1802, 1803 àti 1804 pọ̀, agbègbè yẹn náà ni yóò fún yín. Láti sọ sẹ̀ǹtímítà di iye omi, ìṣirò rẹ̀ rọrùn: sẹ̀ǹtímítà 1 lórí ilẹ̀ tó fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ jẹ́ bílíọ̀nù 1.54 kúbíìkì mítà.

Bí dátà tí ẹ mú bá ní scale_factor lára, ìyẹn nọ́ńbà tí wọ́n fi ń ṣàtúnṣe rẹ̀, ẹ fi ṣe ìsọdipúpọ̀ kí ẹ tó ṣe ohun mìíràn. Ẹ má sì fi ìlà so òpin GRACE pọ̀ mọ́ ìbẹ̀rẹ̀ GRACE-FO. Nǹkan bí oṣù 11 ló wà láàárín wọn tí kò sí ẹni tó wọn ohunkóhun. Ẹ fi àlàfo yẹn sílẹ̀ lófìfo nínú gíráàfù yín kí òǹkàwé rí i.

Ẹ yọ ohun tí kì í ṣe omi abẹ́ ilẹ̀ kúrò

Ìbejì kò mọ omi tó wà lókè yàtọ̀ sí ti ìsàlẹ̀. Yìnyín tó wà lórí Sierra Nevada, omi tí wọ́n sé sínú dáàmù Shasta, ọ̀rinrin tó wà nínú erùpẹ̀ oko, omi tó wà nínú ìpele yanrìn nísàlẹ̀, gbogbo rẹ̀ ló pa pọ̀ di nọ́ńbà kan ṣoṣo. Tiyín ni láti yọ àwọn yòókù kúrò títí yóò fi ku ti abẹ́ ilẹ̀.

Fún ọ̀rinrin erùpẹ̀ àti yìnyín, GLDAS ni mò ń lò, ìṣirò kọ̀ǹpútà tí NASA ṣe nípa omi orí ilẹ̀, òun náà wà ní Earth Engine. Ìpele mẹ́rin ni ọ̀rinrin inú rẹ̀ pín sí, láti ojú ilẹ̀ dé mítà 2. Ẹ ro mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pọ̀. Yìnyín wà lábẹ́ SWE_inst. Fún omi inú dáàmù, ilé iṣẹ́ ìjọba California tó ń bójú tó omi ń gbé iye omi inú dáàmù kọ̀ọ̀kan jáde lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Acre-foot ni wọ́n fi ń kọ ọ́. Ẹ fi 1,233 sọ ọ́ dipúpọ̀ kí ó di kúbíìkì mítà, kí ẹ wá fi bí ilẹ̀ yín ṣe fẹ̀ tó, ní mítà níbùú lóròó, pín in, kí ẹ sì sọ èsì rẹ̀ di sẹ̀ǹtímítà.

Àbúrò mi kan tó ń kàwé gboyè kejì ní Arizona pè mí lálẹ́ ọjọ́ kan, ayọ̀ ti kún inú rẹ̀. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, omi abẹ́ ilẹ̀ ibí yìí ń pọ̀ sí i nínú ẹ̀ẹ̀rùn o! Ó ń tó mítà kan lẹ́ẹ̀kan náà!" Mo ní kó fi kóòdù rẹ̀ ránṣẹ́. Ohun tó ṣẹlẹ̀ yé mi kíá torí ó ti ṣẹlẹ̀ sí èmi náà. Sẹ̀ǹtímítà ni GRACE ń sọ. Kìlógíráàmù lórí mítà kan níbùú lóròó ni GLDAS ń sọ, ìyẹn sì jẹ́ mílímítà. Bí erùpẹ̀ bá pàdánù mílímítà 100 nínú ẹ̀ẹ̀rùn, tí ẹ kò sì fi 10 pín in, ẹ ti sọ ọ́ di sẹ̀ǹtímítà 100. Bí ẹ bá wá yọ ọ́ kúrò lára àpapọ̀, ṣe ni omi abẹ́ ilẹ̀ á fò sókè nígbà tí gbogbo kànga ń gbẹ. Ẹ fi 10 pín in.

Ohun kejì tó máa ń farasin ni ìpíndọ́gba ọdún 2004 sí 2009 tí mo sọ lókè. GRACE ti yọ ti tirẹ̀ kúrò kó tó dé ọwọ́ yín. GLDAS kò ṣe bẹ́ẹ̀, dáàmù kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ ṣírò ìpíndọ́gba ọdún wọ̀nyẹn fún ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, ẹ yọ ọ́ kúrò, kí gbogbo wọn lè dúró lórí ilẹ̀ kan náà kí ẹ tó ṣe àyọkúrò. Èyí kì í fi ara hàn bí àṣìṣe. Gíráàfù á dán, á lẹ́wà, irọ́ ni yóò sì máa pa.

Ẹ fi oṣù wé ẹgbẹ́ rẹ̀. Oṣù Kẹwàá sí oṣù Kẹwàá ni mò ń wò, torí ìgbà yẹn ni ẹ̀ẹ̀rùn ibí yìí parí, tí yìnyín kò tíì bẹ̀rẹ̀, ọwọ́ àyọkúrò á fúyẹ́. Ẹni tó bá fi oṣù Kẹta wé oṣù Kẹsàn-án, yìnyín àti òjò ló ń wọ̀n.

Ilẹ̀ tó ń rì

Ìbejì ti sọ fún wa pé àfonífojì ń gbẹ. Ibo gan-an? Radar, ẹ̀rọ tó ń fi ìgbì wo ilẹ̀, ló lè sọ ìyẹn.

Àwòrán kan wà tí mo lẹ̀ mọ́ ògiri yàrá iṣẹ́ mi. Ọdún 1977 ni wọ́n yà á, nítòsí Mendota ní àfonífojì yìí. Joseph Poland, onímọ̀ ilẹ̀ ní USGS, ilé iṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń ṣèwádìí ilẹ̀, dúró sí ẹ̀gbẹ́ òpó iná kan. Wọ́n kàn ọdún mọ́ òpó náà lára: 1977 wà lẹ́bàá ẹsẹ̀ rẹ̀, 1955 wà lókè orí rẹ̀ dáadáa, 1925 sì wà lókè réré, bí ìgbà tí ènìyàn ń wo òrùlé ilé alájà méjì. Ibi tí 1925 wà yẹn ni ojú ilẹ̀ wà lọ́dún náà. Ilẹ̀ ti fi nǹkan bíi mítà 9 rì, nítorí omi tí wọ́n fà lábẹ́ rẹ̀.

Ohun tó fà á ni amọ̀. Láàárín àwọn ìpele yanrìn tó ní omi, ìpele amọ̀ wà níbẹ̀. Omi tó wà nínú amọ̀ ló ń bá a gbé ẹrù ilẹ̀ òkè. Bí a bá fa omi yẹn jáde, ẹrù á tẹ amọ̀ náà pa, àwọn ègé rẹ̀ á sùn lé ara wọn. Ẹ rántí tìmùtìmù tí èèyàn ti sùn lé fún ogún ọdún: bí ẹ bá dìde lórí rẹ̀, kò ní dìde mọ́. Yanrìn lè gba omi padà lọ́dún tí òjò bá pọ̀. Ibi tí omi ń gbé nínú amọ̀ tó ti tẹ̀ kò ní ṣí mọ́.

Sentinel-1 ti ilẹ̀ Yúróòpù ni radar tí mò ń lò. Èyí àkọ́kọ́ gbéra ní oṣù Kẹrin 2014, ó sì ń padà sórí ibi kan náà lẹ́yìn ọjọ́ 12. Ó ń rán ìgbì tó gùn tó sẹ̀ǹtímítà 5.6 sílẹ̀, ó ń gba ìró rẹ̀ padà. Bí ilẹ̀ bá ti rì láàárín ìgbà àkọ́kọ́ sí ìkejì, ìgbì náà á rìn jìn díẹ̀ sí i kó tó padà. A fi àwòrán méjì wé ara wọn, àwọ̀ á jáde bí òṣùmàrè. Yípo àwọ̀ kan, láti pupa dé pupa, jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 2.8. Ẹ rántí pé ẹ̀gbẹ́ ni sátẹ́láìtì yìí ti ń wo ilẹ̀, kò wò ó ganrangan. Bí igun rẹ̀ bá jẹ́ dígíríì 39, sẹ̀ǹtímítà 2.8 yẹn á di 3.6 nígbà tí ẹ bá sọ ọ́ di rírì tààrà sísàlẹ̀.

Nígbà kan, èèyàn ní láti ní kọ̀ǹpútà ńlá kó tó lè ṣe é. Báyìí, ilé iṣẹ́ Alaska Satellite Facility ń bá èèyàn ṣe é lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ ṣí akáǹtì Earthdata, ẹ wọ ojú ìwé wọn tó ń jẹ́ Vertex, ẹ mú àwòrán méjì lórí ibi kan náà, ẹ ní kí wọ́n ṣe InSAR fún yín, ìyẹn orúkọ fífi àwòrán radar méjì wé ara wọn. Ìmeèlì á wọlé nígbà tó bá parí. Láti so àwòrán púpọ̀ pọ̀ fún ọdún bíi mélòó kan, MintPy, ètò kọ̀ǹpútà ọ̀fẹ́ kan, ni ẹ ó lò.

Ohun mẹ́ta ni mo ti fi ojú ara mi rí tó ń ba iṣẹ́ yìí jẹ́. Oko tí wọ́n ń tú, tí ewé rẹ̀ ń dàgbà, máa ń da àwòrán rú. Ẹ tẹ̀ lé ojú ọ̀nà, òrùlé ilé àti etí ọ̀nà omi onísìmẹ́ǹtì, kí ẹ sì mú àwòrán tí ọjọ́ wọn kò jìn síra. Ọ̀rinrin ojú ọ̀run náà lè fa ìgbì sẹ́yìn kó sì jọ bíi pé ilẹ̀ rì ní sẹ̀ǹtímítà mélòó kan. Nítorí náà, ẹ má ṣe gba àwòrán ẹyọ kan gbọ́, ẹ kó ogún tàbí ọgbọ̀n jọ. Ẹ̀kẹta, ibi tí ẹ bá mú gẹ́gẹ́ bí ibi tí kò mì, kó jẹ́ ibi tí kò mì lóòótọ́. Ẹsẹ̀ òkè Sierra, lórí àpáta, ni mo máa ń mú. Ẹ ó sì fi ibùdó GPS tó wà ní Corcoran, ìlú kan nínú àfonífojì yìí, yẹ̀ ẹ́ wò.

Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ dí lè má ṣe èyíkéyìí nínú rẹ̀. Ìjọba California ti ń gbé rírì ilẹ̀ yìí jáde láti 2015, ó wà lórí SGMA Data Viewer. Orúkọ yẹn wá láti òfin omi abẹ́ ilẹ̀ tí ìpínlẹ̀ yìí fọwọ́ sí ní 2014. Ẹ ṣí i, ẹ lọ sí àyíká Corcoran. Ẹ ó rí kòtò náà kedere bí abọ́. Àwọn onímọ̀ Yunifásítì Stanford ní tiwọn fi hàn ní 2024 pé láàárín 2006 sí 2022, àfonífojì San Joaquin fi ohun tó sún mọ́ ínṣì kan rì lọ́dọọdún. Friant-Kern Canal, tó ń gbé omi yìnyín lọ sí oko àwọn ará gúúsù, ti rì ní àárín débi pé omi tó lè gba ibẹ̀ kọjá ti dín ní ìdá 60 nínú ọgọ́rùn-ún kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í tún un ṣe. Àwọn tó fa omi ba ọ̀nà omi ara wọn jẹ́.

Nígbà tí òjò ńlá dé ní ìbẹ̀rẹ̀ 2023, tí adágún Tulare tó ti gbẹ tipẹ́ tún kún bo oko lẹ́bàá Corcoran, inú àwọn kan dùn pé omi ti padà. GRACE-FO náà fò sókè. Mo bẹ àwọn tí a jọ ń ṣiṣẹ́ kí wọ́n má ṣe fi gíráàfù yẹn sórí íntánẹ́ẹ̀tì títí a ó fi yọ yìnyín àti omi orí ilẹ̀ kúrò. Àfikún díẹ̀ kù sábẹ́ ilẹ̀ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n kòtò Corcoran kò dìde.

Oko wo ló ń fa omi?

Èyí kò gùn. Omi tí igi bá mu, ojú ewé ló ń gbà lọ sójú ọ̀run, ewé tó ń mu omi sì máa ń tutù ju ilẹ̀ gbígbẹ lọ. Landsat, sátẹ́láìtì ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ń rí òtútù yẹn. OpenET, ojú ìwé íntánẹ́ẹ̀tì kan tó bẹ̀rẹ̀ ní 2021, ti ṣírò rẹ̀ fún oko kọ̀ọ̀kan ní ìwọ̀-oòrùn Amẹ́ríkà. Ẹ tẹ orí oko kan, ẹ ó rí iye omi tó lọ lóṣooṣù. Ọgbà álímọ́ńdì tó ti dàgbà lè lo mítà kan omi lọ́dún, tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ká ní ó lo mítà 1.1, òjò mú 0.2 wá, ọ̀nà omi ìjọba fún un ní 0.3. Mítà 0.6 tó kù, kànga ló ti wá. Lórí hẹ́kítà 10, ìyẹn jẹ́ kúbíìkì mítà 60,000. Bí wọn kò bá fi ẹ̀rọ tó ń wọn omi sórí pọ́ǹpù, èyí ló sún mọ́ òótọ́ jù.

Mo ní kí ẹ ṣọ́ra fún nọ́ńbà yìí. Orí ọmọ ènìyàn ló ń já lé. Àgbẹ̀ tó ni oko yẹn lè ti ra omi lọ́wọ́ aládùúgbò rẹ̀, kó má hàn sí yín. Ẹ bi í kí ẹ tó kọ orúkọ oko rẹ̀ sílẹ̀.

Níbi tí kò sí OpenET, bíi Wadi As-Sirhan ní Saudi Arabia, ẹ fi àwòrán Landsat ti àwọn ọdún 1980 wé ti òní. Ẹ ó rí òbìrí tútù àwọn oko tí ẹ̀rọ ń yí bomi rin lórí aṣálẹ̀. Ẹ ka àwọn òbìrí náà, ẹ wọn ìbú wọn lọ́dọọdún. Omi tí wọ́n ń fà níbẹ̀ ti wà lábẹ́ ilẹ̀ láti ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún sẹ́yìn, òjò òní kò sì lè rọ́pò rẹ̀.

Ẹ lọ wọn kànga

Mi ò ní gba iṣẹ́ sátẹ́láìtì kankan lọ́wọ́ ẹni tí kò tíì wọn kànga kan. Teepu irin ni a ń lò. Ẹ fi ẹfun kun ẹsẹ̀ bàtà mélòó kan ní ìsàlẹ̀ rẹ̀, ẹ sọ̀ ọ́ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí orí rẹ̀ á fi wọnú omi, ẹ di nọ́ńbà kan tó pé mú ní etí kànga, ẹ fà á sókè. Ibi tí ẹfun ti tutù á dúdú, á hàn ketekete sí ibi gbígbẹ. Ẹ yọ gígùn ibi tó tutù kúrò nínú nọ́ńbà tí ẹ dì mú; ohun tó kù ni jíjìn omi. Ẹ nu teepu, ẹ tún ẹfun kùn, ẹ wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀kejì. Bí méjèèjì kò bá bá ara wọn mu, ó ṣeé ṣe kí pọ́ǹpù kan ṣì máa ṣiṣẹ́ nítòsí. Ẹ dúró, kí ẹ tún un ṣe. Ẹ fi àmì sí ibi tí ẹ di teepu mú ní etí kànga kí ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn yín lè dì í mú níbẹ̀ gan-an. Bí kànga bá sì ti gbẹ, ojú ìwé kan wà tí ìjọba ìpínlẹ̀ ṣí fún àwọn ará ilé láti fi í sùn. Èmi máa ń to àwọn kànga gbígbẹ wọ̀nyẹn sórí àwòrán radar mi, kí n lè rí ilé tí ewu ti ń kàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀ tó ń rì.

Wọ́n ti gbẹ́ kànga tuntun fún ìyá Porterville yẹn, ó jìn tó ẹsẹ̀ bàtà 240. Oṣù Kẹwàá kọ̀ọ̀kan ni mò ń padà síbẹ̀ pẹ̀lú teepu àti ẹfun. Ọmọ-ọmọ rẹ̀ ló máa ń tan tọ́ọ̀ṣì fún mi. Nígbà tí mo lọ kẹ́yìn, ó ní òun fẹ́ ka ibi tí ẹfun ti dúdú fúnra òun. Mo di orí teepu mú, ó kà á, ó tún un kà, ó sì kọ ọ́ sínú ìwé tí ìyá àgbà náà fi kọ́ sẹ́yìn ilẹ̀kùn ilé ìdáná.